Ta Ni Yóò Fa Ọmọ Yín Kalẹ̀?

Gbólóhùn kan wà tí ó ti di àkọ́sórí lẹ́nu àwa ìyá ní ìlú Ìbàdàn. Bí ẹ bá dúró ní ọjà Bódìjà tí ẹ ń ṣa ata, bí ẹ bá jókòó sí ìsọ̀ aránṣọ ní Agbowó, bí ẹ bá wọ ọkọ̀ láti Dùgbẹ̀ lọ sí Challenge, ẹ óò gbọ́ ọ ní kété tí ẹnì kan bá ti mẹ́nu bà á pé ọmọ òun fẹ́ di ọ̀gá sójà. “Ta ni ẹ mọ̀ níbẹ̀?” Wọn kì í béèrè bí ọmọ náà ṣe mọ ìṣirò sí. Wọn kì í béèrè bí ojú rẹ̀ ṣe ríran sí. Ta ni ẹ mọ̀ ni ìbéèrè. Ìyá tí kò bá sì mọ ẹnikẹ́ni yóò káwọ́ gbera, tàbí kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò bá a wá ẹni tí ó mọ ènìyàn.

Mo mọ ìyá kan tí ó ń ta àǹkárá ní Agbowó. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí omi tí ó ti dà lójú rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ti tó. Láti ìgbà tí àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin ti wà ní kíláàsì kẹta ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ni ọmọ náà ti ń wí pé òun yóò lọ sí NDA, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn ológun tí ó wà ní Kàdúná. Ọmọ náà mọ̀wé, ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá. Ṣùgbọ́n nígbà tí àkókò fọ́ọ̀mù tó, ọkùnrin kan láti apá Challenge tọ ìyá yìí wá. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun jẹ́ ọ̀gágun ní Àbújá, pé wọ́n fún ẹ̀gbọ́n náà ní àyè méjì, òun sì lè fi ọ̀kan ta á lọ́rẹ. Owó àjọ tí obìnrin yìí fẹ́ fi kó ọjà ọdún ni ó kà lé e lọ́wọ́. Kò sọ fún ọkọ rẹ̀. Ọmọ ṣe ìdánwò àkọ́kọ́, orúkọ rẹ̀ sì jáde. Ní ọjọ́ kejì, ọkùnrin náà dé pẹ̀lú ẹ̀rín. “Ẹ rí i bí, Màámi?” Ó sì gba owó ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ jẹ́ kí n ṣí aṣọ lójú òwò yìí fún yín. Bí ènìyàn bá gba owó lọ́wọ́ ìyá mẹ́wàá, tí kò sì ṣe ohunkóhun rárá, tí ó lọ sùn sílé rẹ̀, mélòó kan nínú ọmọ mẹ́wàá náà yóò ṣáà yege nípa agbára orí ara wọn. Àwọn wọ̀nyí ni yóò lọ kí kú oríire. Ti àwọn tí kò yege, yóò dá ìlàjì owó wọn padà, yóò ní àwọn kan lókè ni ó ba ọ̀rọ̀ jẹ́, wọn yóò sì tún máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé olóòótọ́ ènìyàn ni. Ẹni tí ó bá ń ta òjò fún àgbẹ̀ ní oṣù kẹfà, ìgbà wo ni yóò pàdánù? Ibi tí ọ̀rọ̀ ọmọ yìí já sí, n óò padà sórí rẹ̀, nítorí kì í ṣe ọkùnrin yẹn nìkan ni ó bà á jẹ́.

Ohun tí ó mú kí irú òwò bẹ́ẹ̀ máa tà ni pé a kò ya ohun méjì sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn: fífa ọmọ kalẹ̀, àti gbígba ọmọ wọlé. Ẹni tí ó fa ọmọ kalẹ̀ sọ pé, “Mo mọ ọmọ yìí, ẹ wò ó.” Ẹni tí ó gba ọmọ wọlé sọ pé, “A ti wò ó, ó tó.” Bí a bá fi owó ra ti àkọ́kọ́, a kò tíì ní ti èkejì.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa ti ń tọ́mọ, fífa ọmọ kalẹ̀ wà nínú òfin fúnra rẹ̀. Ọmọ tí ó bá fẹ́ wọ West Point, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ọmọ-ogun orí ilẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1802, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí ẹni tí yóò fà á kalẹ̀. Ó lè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn sẹ́nétọ̀ méjì ti ìpínlẹ̀ rẹ̀, ó lè jẹ́ aṣojú àgbègbè rẹ̀ ní ilé aṣòfin kékeré, ó sì lè jẹ́ igbákejì ààrẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún ti ojú omi àti ti òfuurufú. Ọ̀nà mìíràn tún wà, pàápàá fún ọmọ àwọn tí ó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ ológun. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí aṣòfin kọ̀ọ̀kan lè ní nínú ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ìgbà kan náà kò ju márùn-ún lọ. Bí ọ̀kan bá jáde, àyè kan ṣí sílẹ̀, aṣòfin yóò sì fa ọ̀pọ̀ ọmọ kalẹ̀ fún àyè ẹyọ kan náà.

Kí ni ó mú wọn ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀? Ìdí náà kò ṣàjèjì sí wa. Wọn kò fẹ́ kí àwọn ọ̀gá ológun máa ti ìdílé díẹ̀ tàbí apá kan ilẹ̀ wọn wá. Ní ọdún 1843 ni wọ́n ti sọ ọ́ di òfin pé kí àgbègbè ìdìbò kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀. Ìyá Yorùbá tí ó ń gbé ní Houston, tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè náà, kò ní láti mọ sẹ́nétọ̀ kankan sójú. Ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò kọ̀wé sí gbogbo wọn ní bí ọdún kan ṣáájú, wọn yóò pè é, wọn yóò bi í léèrè ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ náà, fífà kalẹ̀ ni. Ilé-ẹ̀kọ́ ni yóò wo èsì ìdánwò rẹ̀, tí yóò ní kí ó sáré, tí yóò yẹ ara rẹ̀ wò láti orí dé ẹsẹ̀, tí yóò sì gbà á tàbí kí ó má gbà á. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí sẹ́nétọ̀ fà kalẹ̀ ni kì í wọlé.

Àìsàn kan náà ni ó ṣe àwa náà ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n oògùn tí a lò yàtọ̀. Kí a tó gba òmìnira, ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀gá ológun wa. Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó-Èkìtì, tí bárékè tí ó wà ní Odógbo níbí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, sójà kékeré ni ó kọ́kọ́ jẹ́ ní ọdún 1943. Ìlú Òyìnbó ni ó ti lọ kẹ́kọ̀ọ́ kí ó tó di ọ̀gá ní ọdún 1954. Lẹ́yìn òmìnira, àwọn olóṣèlú bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ọ̀gá tí ó ti apá kọ̀ọ̀kan wá, inú àwọn kan kò sì dùn. Nígbà tí ó fi máa di nǹkan bí ọdún 1962, ìjọba ti pín àyè náà: ìdajì fún Àríwá, ìdá kan nínú mẹ́rin fún Ìlà-Oòrùn, ìdá kan nínú mẹ́rin fún Ìwọ̀-Oòrùn wa níbí. Ní ọdún 1964 ni wọ́n dá NDA sílẹ̀ ní Kàdúná, nígbà tí Muhammadu Ribadu jẹ́ mínísítà ètò ààbò, ibùdó àtijọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Àwọn ọ̀gá ológun láti ilẹ̀ Íńdíà ni ó kọ́kọ́ bá wa darí rẹ̀.

Ìpín yẹn kò kú, ó kàn pààrọ̀ aṣọ ni. Nígbà tí ẹkùn di ìpínlẹ̀, ìpín náà di ti ìpínlẹ̀. Ìwé òfin ọdún 1979 sọ ọ́, ti ọdún 1999 tí a ń lò báyìí sì tún un sọ ní abala 217 pé ètò àwọn ọ̀gá àti ọmọ-ogun wa gbọ́dọ̀ fi hàn pé gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà ni ó ni wọ́n. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, ọmọ Kánò kọ́ ni ó ń bá ọmọ yín du àyè. Ọmọ ìpínlẹ̀ yín ni. Ní ilẹ̀ wa kò sí sẹ́nétọ̀ tí òfin fún ní àyè NDA, kò sì sí ọ̀gágun tí òfin fún ní méjì. Bí a bá ní kí a wá ohun tí ó jọ fífà kalẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ìpínlẹ̀ tí ọmọ ti wá ni ó ń fà á kalẹ̀.

Ǹjẹ́ mo ń sọ pé ojúsàájú kò sí ní Nàìjíríà? Èmi náà kì í ṣe ọmọ àná. Mo mọ̀ pé ìwé pélébé máa ń ti ọwọ́ ẹni ńlá dé ọwọ́ ẹni ńlá. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìwé pélébé bẹ́ẹ̀, bí ó bá wà, kì í ti ọwọ́ ọkùnrin kan ní Challenge wá fún obìnrin tí kò mọ̀ rí, kí ó sì tún máa bá a dúnàádúrà.

Ọ̀nà tí ó tọ́ nìyí. Ọmọ yóò ṣe ìdánwò JAMB, yóò sì fi NDA ṣe ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí ó yàn. Bí ó bá fi ṣe ìkejì, ó ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì márùn-ún, tí Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò wà nínú wọn, láàárín ìjókòó ìdánwò tí kò ju méjì lọ. Ó gbọ́dọ̀ tó ọmọ ọdún 17, kí ó má sì ti ré kọjá ààlà tí wọ́n fi sí òkè, èyí tí kì í fi bẹ́ẹ̀ ju ọdún 20 lọ. Ẹ wo ìkéde ọdún kọ̀ọ̀kan dáadáa. Kò gbọdọ̀ tíì gbéyàwó, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ tíì lọ sílé ọkọ. Lẹ́yìn náà ni yóò gba fọ́ọ̀mù NDA fúnra rẹ̀ lórí ẹ̀rọ ayélujára, tí yóò ṣe ìdánwò tiwọn. Àwọn tí ó bá yege níbẹ̀ ni wọn yóò pè sí Kàdúná níwájú ìgbìmọ̀ àwọn ológun tí ń ṣe àṣàyàn. Wọn yóò yẹ ìwé wọn wò, dókítà yóò yẹ ara wọn wò, wọn yóò sáré, wọn yóò sì dáhùn ìbéèrè. Orúkọ tí ó bá jáde lẹ́yìn èyí ni ti ẹni tí a gbà wọlé. Ọdún márùn-ún ni wọn yóò lò, láti ọdún 1985 ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ́kọ̀ọ́ gboyè yunifásítì níbẹ̀. Ìjọba ni ó ń san owó ẹ̀kọ́ wọn.

Nínú gbogbo èyí, níbo ni ọwọ́ ìyá ti wọ̀ ọ́? Ìwé ni. Ọ̀rọ̀ ìwé yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, nítorí inú àpótí yàrá wa ni púpọ̀ nínú rẹ̀ wà.

Ọmọ tí a bí ní Adéọ̀yọ́ tàbí ní UCH, tí ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní Bódìjà, tí ó ń sọ èdè Ìbàdàn bí ẹni pé ó jẹ ẹ́ mọ́ àmàlà, kì í ṣe ọmọ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ bí baba rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Ẹdẹ. Ọmọ Ọ̀ṣun ni. Ibi tí a ń gbé kò ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀, ibi tí baba ti wá ni wọ́n ń béèrè. Ọ̀rọ̀ yìí tún lọ́jú pọ̀ ní ìlú wa ju ibòmíràn lọ, nítorí pé láti ọdún 1976 títí di oṣù kẹjọ ọdún 1991, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kan náà ni Ẹdẹ àti Ìkìrun àti Ilé-Ifẹ̀ wà pẹ̀lú Ìbàdàn. Ìwé ìbí àti ìwé ẹ̀rí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ wa ń pe ara rẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Ti àwọn ará Èkìtì náà rí bẹ́ẹ̀: títí di ọdún 1996, abẹ́ Oǹdó ni wọ́n wà. Bí ọmọ bá wo ìwé baba rẹ̀ kọ fọ́ọ̀mù, ó lè kọ ìpínlẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ mọ́.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ oníṣòwò àǹkárá nìyẹn. Ilé kọ̀ǹpútà kan ni wọ́n ti kọ fọ́ọ̀mù JAMB fún un, ẹni tí ó ń tẹ̀ ẹ́ sì bi í pé, “Níbo lò ń gbé?” Ó ní Ìbàdàn. Wọ́n tẹ Ọ̀yọ́. Kò sí ẹni tí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ìgbà tí wọ́n ń kó ìwé jọ fún Kàdúná, tí ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ dé láti Ẹdẹ, ni ojú là. Ìwé kan ní Ọ̀yọ́, ìwé kejì ní Ọ̀ṣun, ọmọ kan náà. Ìyá sáré sókè, ó sáré sódò, ó lọ sí kóòtù lọ búra, ó pe ọkùnrin Challenge. Ọkùnrin náà ní wàhálà ìwé kì í ṣe ti òun. Kí àtúnṣe tó jáde, ọjọ́ ti kọjá. Ọmọ náà wà ní yunifásítì báyìí, ó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ó sì ń ṣe dáadáa níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà yẹn ni ọkọ rẹ̀ tó gbọ́ nípa owó àjọ, wọn kò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún oṣù méjì.

Bàbá mìíràn wà tí yóò fi ojú ara rẹ̀ wá wàhálà. Yóò gbọ́ pé àwọn tí ń du àyè kò pọ̀ ní ìpínlẹ̀ kan, yóò sì lọ ra ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ níbẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Ẹ̀yin aya, ẹ bá a wí, kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀. Irọ́ tí a bá fi wọ iṣẹ́ ológun, abẹ́ irọ́ náà ni ọmọ yóò ti máa ṣiṣẹ́ títí yóò fi fẹ̀yìn tì, ẹni tí ó bá sì ń bá a jà lọ́jọ́ kan yóò fà á yọ. Kì í tún ṣe ohun tí ó dára, nítorí àyè ọmọ ẹlòmíràn ni a jí.

Orúkọ náà ńkọ́? Bí ìwé ìbí bá ní “Olúwáṣeun”, tí ìwé mẹ́wàá ní “Ṣeun”, tí èsì WAEC sì fi orúkọ bàbá àgbà ṣe orúkọ ìdílé, ènìyàn mẹ́ta ni ẹ bí lójú ìjọba. Ẹ ṣe àtúnṣe rẹ̀ nígbà tí ọmọ bá ṣì wà ní kíláàsì àkọ́kọ́ ní girama. Ẹ̀yin tí ẹ ń dá tọ́mọ ni mo ń bá wí jù, ẹ̀yin tí ọkọ yín ti kú tàbí tí ẹ kò sí pọ̀ mọ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín kò fẹ́ ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ìdílé ọkọ mọ́, n kò sì ní béèrè ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wọn ni ìwé ọmọ yín wà. Ẹ má jẹ́ kí okùn náà já pátápátá. Bí ẹnì kan bá wà nínú ìdílé náà tí ẹ lè bá sọ̀rọ̀, ìbáà ṣe àbúrò bàbá tàbí ìyá àgbà, ẹ máa rán ọmọ lọ kí wọn nígbà ọdún. Ọmọ tí baálé ilé mọ ojú rẹ̀, wàrà ni wọ́n ń fọwọ́ sí ìwé rẹ̀.

Níbi ìfọwọ́sí náà ni ìdàrúdàpọ̀ kejì wà. Wọ́n máa ń béèrè pé kí ẹni tí ó níláárí jẹ́rìí sí ìwà ọmọ àti ibi tí ó ti wá: alága ìjọba ìbílẹ̀, adájọ́ majísíréètì, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ girama ti ìjọba, tàbí ọ̀gágun tí ipò rẹ̀ ga. Nítorí pé wọ́n dárúkọ ọ̀gágun ni àwọn ìyá fi ń rò pé “ta ni ẹ mọ̀” ti dé nìyẹn. Ẹ wo ó dáadáa. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wà nínú àwọn tí a dárúkọ! Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní ìlú bàbá ọmọ, tí kò ní ìbọn, tí kò ní ọkọ̀ ńlá, ó tó jẹ́rìí. Ẹ̀rí ni ìfọwọ́sí yìí, kì í ṣe àṣẹ.

Ẹ gbọ́ ti ọmọbìnrin náà. Tẹ́lẹ̀, obìnrin tí ó bá fẹ́ di ọ̀gá ológun ní Nàìjíríà ní láti kọ́ṣẹ́ tán ná kí ó tó wọlé. Dókítà Adérónkẹ́ Kálé, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn tiwa yìí, wọ iṣẹ́ ológun ní ọdún 1972 gẹ́gẹ́ bí dókítà ọpọlọ, ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó dé ipò mejọ jẹ́nẹ́rà nínú ọmọ-ogun wa, ní ọdún 1994. Ìtùnú Hotonu, ayàwòrán ilé, wọ ti ojú omi ní ọdún 1985, ó sì di ọ̀gá àgbà tí wọ́n ń pè ní admiral ní ọdún 2012. Ọdún 2011 ni NDA tó ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ọmọbìnrin láti wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ọkùnrin.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó gba ilẹ̀kùn yẹn wọlé ni Tolúlọpẹ́ Arótìlẹ́, ọmọ Ìffẹ̀ ní Ìjùmú, ọmọ Yorùbá láti ìpínlẹ̀ Kogí. Kàdúná ni ó dàgbà sí, ibẹ̀ ni ó ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ-ogun òfuurufú, ṣùgbọ́n ọmọ Kogí ni. Ní ọdún 2012 ni ó wọ NDA, ó jáde ní 2017, nígbà tí ó sì di ọdún 2019 ó di obìnrin àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí ó ń wa hẹlikópítà ogun. Ọkọ̀ kan kọlù ú nínú bárékè ní Kàdúná ní ọjọ́ 14 oṣù keje ọdún 2020, ó sì kú. Ọmọ ọdún 24 ni. Mo rántí pé ní ọjọ́ yẹn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin mi kò fẹ́ sọ̀rọ̀ mìíràn.

Kí n tó kúrò lórí ilé-ẹ̀kọ́, ẹ má ṣe da Command pọ̀ mọ́ Zaria. Command tí ó wà ní Ìbàdàn jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama bí àwọn yòókù, àwọn ológun kàn ni ó ni ín. Ọmọ lè jáde níbẹ̀ kí ó lọ di olùtọ́jú eyín. Ilé-ẹ̀kọ́ ológun ti Zaria, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1954 fún ọmọkùnrin nìkan, yàtọ̀: ẹni tí ó bá wọ ibẹ̀ ní kékeré ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ológun, bí kò bá sì rí NDA wọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, sójà ni yóò jẹ́. Ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ sí i fún ọmọ ọdún 12. Ti ọmọbìnrin wà lọ́dọ̀ àwọn òfuurufú ní Jọ́ọ̀sì, àwọn ará wa ní Kétu àti Sábẹ́ sì ní ti Natitingou ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí wọ́n ń fi ìdánwò wọ̀.

Ẹ óò ní kí ni ó kan olùkọ́ ìmọ̀ ìtọ́jú ilé nínú ọ̀rọ̀ bàtà àti ìbọn. Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ mi hàn díẹ̀. Gíga tí wọ́n máa ń béèrè ní NDA jẹ́ mítà 1.68 fún ọkùnrin, ìyẹn bí ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti íǹṣì mẹ́fà, àti mítà 1.65 fún obìnrin. Àwọn ìyá máa ń mú ọmọ ọdún 16 tọ̀ mí wá, wọ́n á ní kí n júwe oúnjẹ tí yóò mú un ga. Gíga kì í ṣe ohun tí a ń rà ní Dùgbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Púpọ̀ nínú rẹ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ bá wáyé, èyí tí ó kù sì wà nínú ìkòkò tí a ń sè láti ìgbà oyún títí ọmọ yóò fi pé ọdún méjì. Ògì funfun tí kò ní nǹkankan nínú, tí a fi ń já ọmọ lẹ́nu ọmú, òun ni ó ń jí íǹṣì ọmọ gbé. Ẹ fi ẹ̀wà sójà tí a lọ̀ kúnná sí i, tàbí ẹ̀pà, tàbí edé. Ẹ fi ẹyin lé e. Àwọn tí ọmọ yín ṣì ń rá pálá ni mo ń sọ fún. Ẹ tún mú ọmọ lọ yẹ ojú wò kí ó tó pé ọdún mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò mọ̀ pé òun kò ríran jìnnà títí ọjọ́ tí dókítà yóò fi sọ fún un.

Ó ku ohun kan tí n kò lè fi sílẹ̀. Wọn yóò ní kí òbí fọwọ́ sí i pé ọmọ lè lọ. Ẹ mọ ohun tí ẹ ń fọwọ́ sí. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 2021, àwọn agbébọn wọ inú NDA fúnra rẹ̀ ní Àfàkà, wọ́n pa ọ̀gá ológun méjì, wọ́n sì gbé ọ̀kan lọ. Inú ilé-ẹ̀kọ́ ni, kì í ṣe ojú ogun. Nítorí náà, kí ẹ tó lọ wá ẹni tí yóò fa ọmọ yín kalẹ̀, ẹ pè é lọ́tọ̀, nígbà tí bàbá rẹ̀ kò sí níbẹ̀, kí ẹ bi í bóyá òun ni ó fẹ́ ẹ tàbí bàbá rẹ̀. Mo ti rí ọmọ tí ó bú sẹ́kún nígbà tí ìyá rẹ̀ béèrè, tí ó ní òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Mo sì ti rí ọmọbìnrin kan ní Ring Road tí ó dáhùn kí ìyá rẹ̀ tó parí ọ̀rọ̀: “Mọ́mì, èmi ni mo fẹ́ ẹ.”

Bí ó bá jẹ́ pé òun ni ó fẹ́ ẹ, ẹ wo ìwé rẹ̀ lálẹ́ òní. Bí ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ kò bá sí nínú rẹ̀, ẹ ti aago mẹ́fà jáde láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kí ẹ tó bọ́ sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìwó Road, kí ẹ sì mú ìwé ìbí ọmọ, ìwé ìbí bàbá rẹ̀ àti fọ́tò méjì dání. Bí ẹ bá lọ ní ọjọ́ Ẹtì, ó ṣeé ṣe kí ẹni tí yóò fọwọ́ sí i ti lọ sí òde.